Lẹ́tà sí àbúrò mi tí òjò ṣú mọ́ lójú

Àkànní àbúrò mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kẹsàn-án 2025 yẹn. Mo ti tún un gbọ́ tó ìgbà mẹ́ta. O ní láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lo ti gbé àga sí fàráńdà òkè, o nu awò awọ̀nàjíjìn rẹ mọ́ tónítóní, ò ń retí kí òṣùpá yọ nínú òjìji ayé, kó pọ́n bí epo. Ìkùukùu ò gbà. Ìgbà tí òṣùpá máa fi yọjú, aago mẹ́sàn-án ti kọjá, ó ti funfun báláú padà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. O wá ní o máa ta awò náà.

Jọ̀ọ́, má tà á.

Nígbà tí mo ra tèmi àkọ́kọ́, Oṣù Kẹfà ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ojú ọ̀run Ìbàdàn ṣú dẹ̀dẹ̀ lálaalẹ́. Inú bí mi, mo tì í bọ inú àpò aláwọ rẹ̀, mo sọ ọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Oṣù Kọkànlá ni mo tó fà á jáde. Mo gbé e sójú, gbogbo ìràwọ̀ ń ṣe bàìbàì bí àtùpà nínú èéfín. Mo yí i síbi iná, mo wá rí i: nǹkan funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ti ta káàkiri bí òwú aláǹtakùn. Awò náà ti bu. Inú gíláàsì lọ́hùn-ún ló wà, aṣọ ìnuwò ò lè dé ibẹ̀. Ó dùn mí ju gbogbo alẹ́ tí òjò gbà lọ́wọ́ mi lọ.

Nítorí náà, má tì í mọ́ àpò ní tútù. Jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i ná. Ṣa àwọn ọ̀rá kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kí a má jẹ, kó wọn sínú ike tó ní ìdérí, kí o tọ́jú awò náà síbẹ̀.

Ìyá àgbà ni wọ́n kọ́kọ́ fi Àgùàlà, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Venus, hàn mí ní ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ìwó. Ìwọ ò tíì dáyé. Wọ́n ní torí pé ó ń bá òṣùpá rìn làwọn ènìyàn ṣe ṣebí ajá rẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ajá òṣùpá. Àgùàlà yìí kan náà ni ará Faransé kan, Guillaume Le Gentil, torí rẹ̀ filé sílẹ̀ ní 1760. Ó fẹ́ wò ó bó ṣe ń kọjá níwájú oòrùn. Ní 1761, orí òkun ló wà, ọkọ̀ ń mì, kò lè wọn nǹkan kan. Kò padà sílé. Ó fi ọdún mẹ́jọ dúró de ìkejì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ní Oṣù Kẹfà 1769, ní Pondicherry ní Íńdíà, ìkùukùu bo oòrùn títí Àgùàlà fi kọjá tán. Nígbà tó délé ní 1771, wọ́n ti kà á mọ́ òkú, àwọn ẹbí ti ń du ogún rẹ̀. Àánú ọkùnrin yẹn máa ń ṣe mí gan-an. Ó di 1874 kí Àgùàlà tó tún gba ibẹ̀ kọjá. Òṣùpá tìrẹ ò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Bí òjò ńlá bá rọ̀ lálẹ́, dìde ní aago mẹ́ta òru, kí o yọjú wo òkè. Òjò á ti fọ eruku dànù. Oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá, ìkùukùu ya fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, mo sì rí àwọn òṣùpá pílánẹ́ẹ̀tì Jupiter, kín-ń-kín, wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo pariwo débi pé ajá àdúgbò gbó. Oṣù Kọkànlá ló dára jù, kí eruku ọyẹ́ tó dé gbé àwọn ìràwọ̀ kéékèèké mì.

Ní ìdájí 28 Oṣù Kẹjọ 2026, òjìji ayé á tún bo òṣùpá, á ku díẹ̀ kó bò ó tán. Á bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀, á sì pọ̀ jù lẹ́yìn aago márùn-ún. Oṣù òjò ni, mo mọ̀. Mo máa wá sùn sọ́dọ̀ yín lálẹ́ 27. Ṣùgbọ́n òṣùpá á ti rẹlẹ̀ níwọ̀-oòrùn nígbà náà, fàráńdà yín sì kọjú sí ìlà-oòrùn. Bá wa wá ibòmíràn sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, Ìbàdàn