Bísí, wá wo ohun tí ojú odídẹrẹ́ wa rí

Abẹ́òkúta,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Bísí ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù Manchester ńkọ́, ṣé kò tíì sọ ẹ́ di yìnyín? Mo pè ẹ́ títí, o ò gbé e. Mo ní bóyá iṣẹ́ ló pọ̀. Mo wá jókòó kọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé gbé sùn.

Odídẹrẹ́ tó o yà fún mi ní 2019, tí mo fi ṣe lóògò àdìrẹ mi, ti kan àbùkù. Mo gbéra dé Ṣómólú lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé kí wọ́n fi ṣe báńà ẹsẹ̀ bàtà 10 fún ṣọ́ọ̀bù tuntun n'Ítòkú. Nígbà tí wọ́n tú báńà sílẹ̀, mo rò pé ojú ló ń ṣe mí. Ẹnu ẹyẹ rí gbágungbàgun, orúkọ mi rí bí ohun tí wọ́n fi eruku kọ. Ti ara ọ̀rá tí mo fẹ́ máa di àdìrẹ sí tún burú jù: ọ̀rá aláwọ̀ aró, ẹyẹ wá wà láàárín àpótí funfun kan gbàǹgbà, bí ẹni lẹ sítáǹbù mọ́ ọn. Ṣé lẹ́tà ni mò ń tà ni?

Mo pariwo. Ọmọkùnrin tó ń fi CorelDRAW yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ ò tiẹ̀ bínú. Ó ní, "Mọ̀mí, JPEG lẹ gbé wá." Ó fẹ àwòrán náà lójú kọ̀ǹpútà títí tí ojú ẹyẹ fi di táìlì ilé ìdáná. Ó ní irú fáìlì àwòrán kan ni JPEG, fọ́tò òde ìyàwó ló wà fún: kí ó má bàa wúwo, ó máa ń já nǹkan dànù, kò sì lè fi ẹ̀yìn àwòrán sílẹ̀ lófìfo. Èmi náà sì ti gbà á lórí WhatsApp láti fóònù dé fóònù, WhatsApp ti tún un fún. Irú fáìlì mìíràn, PNG, lè fi ẹ̀yìn sílẹ̀ lófìfo, ó dáa fún orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́ jù, òun náà á fọ́. SVG, PDF tàbí CDR, ìyẹn fáìlì CorelDRAW tí wọ́n ti yà á gan-an, ni báńà ń fẹ́: ìlà ló wà nínú wọn, kọ̀ǹpútà á kàn tún un fà, ì báà tó Olúmọ.

Mo délé, mo pa JPEG ẹ̀yìn orúkọ fáìlì náà rẹ́, mo kọ SVG sí i. Má rẹ́rìn-ín. Kò ṣí.

Orúnkún Màámi ti fúyẹ́. Kọ́lá ti gbé ìyàwó kejì, ìyẹn di orí fóònù.

Ọmọ Ṣómólú yẹn bá mi tún ẹyẹ náà yà. Ìkó ìdí rẹ̀ pọ́n dáadáa, àmọ́ ojú adìẹ ló fún un. Mi ò gbà á. Ojú tí ìwọ fún un, àwa méjèèjì la mọ ojú ẹni tó jẹ́.

Bísí, Sátidé ni mò ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ yẹn, èyí tí bọ́tìnì rẹ̀ yọ, ṣé o ṣì ní in? Jọ̀ọ́, bá mi wá CDR rẹ̀ níbẹ̀. Í-méèlì ni kó o fi ránṣẹ́ o. Tó bá di dandan kó jẹ́ WhatsApp, fi í ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, má fi í ṣe fọ́tò.

Tí o ò bá sì rí i, ṣáà pè mí. Ó ti tó oṣù méjì. Àbí mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?

Èmi ni,
Títí Aláàdìrẹ