Ẹ̀sùn Lórí Laptop Géèmù Tí Ẹ Ní Processor Rẹ̀ Ṣeé Pààrọ̀

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtajà àti Ìtọ́jú Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ ta laptop géèmù fún mi, ẹ ní processor rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ṣeé pààrọ̀ tó bá yá. Kò ṣeé pààrọ̀. Nígbà tó yá, ẹ tún ta processor tí mo máa fi pààrọ̀ rẹ̀ fún mi. Ìyẹn náà kò lè wọ inú ẹ̀rọ yìí láéláé. Mo fẹ́ kí ẹ gba méjèèjì padà.

Ohun tó wà lójú ìwé ọjà yín nìyí: "Ẹ lè pààrọ̀ processor rẹ̀ sí èyí tó lágbára jù nígbàkúgbà." Mo bi aṣojú yín bóyá kí n kúkú mú èyí tó ní i7, processor tó lágbára ju i5 lọ, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n mú ti i5, kí n fi owó tó kù pamọ́, pé bí ẹni pààrọ̀ RAM (ìrántí ẹ̀rọ) ni. Àdàkọ ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló jẹ́ kí n ra ti i5.

Core i5-13450HX ló wà nínú laptop náà. Èyí tí ẹ tà tẹ̀lé e ni Core i7-13700, ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Ẹni tó bá wo ìwọ̀n wọn lè rò pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, torí mìlímítà 45 sí 37.5 ni pátákó àwọn méjèèjì. Bóyá ohun tó ṣi aṣojú yín lọ́nà nìyẹn. Abẹ́ wọn ni ọ̀rọ̀ wà. Ojú bàbà pẹlẹbẹ 1700 ló wà lábẹ́ i7-13700. Ńṣe ni wọ́n kàn ń jókòó lé abẹ́rẹ́ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì (ibùjókòó processor) LGA1700, tí ọwọ́ irin kan á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ irin náà sókè, processor ti yọ. Ní ti i5-13450HX, bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀dì (solder) wínníwínní 1964 ló wà lábẹ́ rẹ̀, ilé iṣẹ́ sì ti jó gbogbo wọn mọ́ motherboard, pátákó ńlá inú ẹ̀rọ. BGA ni àwọn oníṣẹ́ ń pe irú rẹ̀. Intel tó ṣe é kò fi pamọ́: FCBGA1964 ni wọ́n kọ síbi tí wọ́n ti ń sọ irú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń lò.

Kí ẹ má baà sọ pé n kò wò ó dáadáa, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nínú. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo yọ ṣájà, mo ṣí ìdérí ẹ̀yìn, mo sì yọ okùn bátìrì kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Kò sí sítíkà ìdánilójú (warranty) kankan lórí ìdè (screw) tí mo tú. Àwọn ìdè tó di ọ̀pá bàbà tó ń gbé ooru mú ní nọ́ńbà lára. Mo tú wọn láti nọ́ńbà tó kẹ́yìn padà sí 1, díẹ̀díẹ̀, kí ìwúwo má baà dorí igun kan kó fọ́ silicon, ojú processor gan-an. Nígbà tí mo nu paste tó ń gbé ooru kúrò, silicon ìhòòhò ló wà níbẹ̀, ó ń dán bíi dígí, kò ní ìdérí irin bíi ti orí tábìlì. Gọ́ọ̀mù dúdú ti gbẹ mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátákó rẹ̀. Kò sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò sí ọwọ́ irin. Èékánná pàápàá kò rí àyè wọ àárín òun àti motherboard. Fọ́tò mẹ́rin wà níbí tí ẹ lè wò.

Ẹni tó ń ta laptop yẹ kó mọ èyí. Ìran kẹrin Core, Haswell, tó jáde ní 2013, ni Intel ṣe kẹ́yìn tí processor laptop ṣì ń wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Lẹ́tà ìparí orúkọ ló ń tú àṣírí nígbà náà: i7-4700MQ ṣeé yọ, i7-4700HQ kò ṣeé yọ. Láti ìran karùn-ún, jíjó ni wọ́n ń jó gbogbo rẹ̀ mọ́ motherboard. Lóòótọ́, àwọn laptop gìrìwò kan wà tó ń lo processor orí tábìlì. Asus ROG Strix GL702ZC tó jáde ní 2017 gbé Ryzen, processor ti AMD, sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì AM4. Wọn kò pọ̀, èyí tí ẹ tà fún mi kò sì sí lára wọn.

Aṣojú yín kejì wá ní kí n gbé e wá, pé oníṣẹ́ yín á fi afẹ́fẹ́ gbígbóná yọ i5, á sì jó i7-13700HX síbẹ̀. Mo kọ̀. Lẹ́ẹ̀dì tí àwọn ilé iṣẹ́ sábà máa ń lò báyìí, èyí tí kò ní òjé nínú, kì í yọ́ títí ooru á fi tó nǹkan bí 217 sí 220 lórí ìwọ̀n Celsius. Ó di dandan kí wọ́n mú motherboard gbóná láti òkè àti láti ìsàlẹ̀ kọjá ibẹ̀. Bí ooru náà kò bá dọ́gba, motherboard á tẹ̀, tàbí kí ojú bàbà ṣí kúrò lára rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù 1964, kí méjì ṣáà lẹ̀ mọ́ra, tàbí kí ọ̀kan má jó dáadáa, ẹ̀rọ lè má tàn mọ́. Bí i7 náà bá tiẹ̀ jó mọ́ ọn dáadáa, BIOS, ètò tó ń tan ẹ̀rọ, gbọ́dọ̀ mọ processor tuntun náà, kò sì sẹ́ni tó fi hàn mí pé ti ẹ̀rọ yìí mọ̀ ọ́n. Mo béèrè ẹni tó máa san án tí motherboard bá kú. Aṣojú náà kò dáhùn.

Èrè ibẹ̀ náà kò tó ewu rẹ̀. i5 yìí ní core (ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́ nínú processor) 10, i7-13700HX ní 16, àmọ́ wáàtì 55 ni ìpìlẹ̀ agbára àwọn méjèèjì, 157 sì ni òkè rẹ̀. Ọ̀pá bàbà àti fáànù kan náà ló máa tu àwọn méjèèjì lára, bẹ́ẹ̀ sì ni GPU, èyí tó ń ya àwòrán géèmù, náà ń dá ooru tiẹ̀ sórí wọn. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, GPU ló máa kọ́kọ́ rẹ̀, òun náà sì rèé, wọ́n ti jó o mọ́ motherboard.

Ohun tí aṣojú yín ì bá sọ fún mi ni pé RAM, SSD M.2 (ibi ìpamọ́ fáìlì), káàdì Wi-Fi àti bátìrì ẹ̀rọ yìí ló ṣeé pààrọ̀, kí n yan processor àti GPU lọ́jọ́ tí mo ń rà á. Ẹyọ RAM kan ṣoṣo pàápàá ni ẹ fi sínú rẹ̀, ihò kejì ṣófo. Ìyẹn kéré sí ẹ̀sùn tí mo mú wá, mo kàn ní kí ẹ mọ̀ ni.

Ohun tí mo ń béèrè: kí ẹ gba laptop àti i7-13700 padà, kí ẹ dá gbogbo owó mi padà, kí owó ìfiránṣẹ́ sì wà lọ́rùn yín. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ lè fún mi ní irú laptop náà tí i7-13700HX ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Màá san ìyàtọ̀ iye tí ẹ ń tà wọ́n lọ́jọ́ tí mo ra tèmi. Owó i7-13700 gbọ́dọ̀ padà lọ́nàkọnà. Ó ṣì wà nínú ike rẹ̀, ọwọ́ kò kan abẹ́ rẹ̀. Kí ẹ sì pa gbólóhùn yẹn rẹ́ lójú ìwé ọjà yín lónìí, torí ẹlòmíràn ń kà á báyìí.

Mo ń retí èsì yín láàárín ọjọ́ 14, lórí ìwé, kì í ṣe lórí fóònù.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín

Ohun tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí: rìsíìtì méjì, àdàkọ ọ̀rọ̀ tí èmi àti àwọn aṣojú yín méjèèjì sọ, àwòrán ojú ìwé ọjà yín, fọ́tò mẹ́rin.