Ẹ̀sùn Lórí Fáànù Rédíétọ̀ Alùpùpù Mi, àti Bí Òṣìṣẹ́ Yín Ṣe Rí Mi Fín

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Fáìlì mi wà lọ́dọ̀ yín. Nọ́ńbà alùpùpù náà wà níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù yín náà wà níbẹ̀, nítorí náà mi ò ní í tún wọn kà. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ti pè yín, ẹni márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbé fóònù, gbogbo wọn ló sì ní kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Fáànù rédíétọ̀, tó yẹ kó máa fẹ́ omi ẹ́ńjìnnì kó lè tutù, kì í yí. Bí ojú títì bá já geere, ẹ́ńjìnnì a máa tutù, torí atẹ́gùn ń fẹ́ gba inú rédíétọ̀ kọjá. Àmọ́ tí mo bá ti kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kò ní í pẹ́ tí iná pupa tó ń kìlọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù á fi tàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbọ́ tí omi ń hó nínú ike ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí oru gbígbóná ń rú sí mi ní orúnkún. Ohun tí mo sọ fún yín láti ọjọ́ kìíní nìyẹn, mi ò yí i padà.

Ẹni kẹta tó gbé ìpè mi ló dùn mí jù. Mi ò tíì ṣàlàyé dé ìdajì tó fi já lu ọ̀rọ̀ mi: “Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbóná. Tó bá ti gbóná, máa fi sáré dáadáa kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i.” Mo bi í léèrè pé bí ọkọ̀ bá wà níwájú mi, tí ọkọ̀ tún wà lẹ́yìn mi, ibo ni kí n sáré gbà? Ó ní, “Ìwọ lo mọ bóo ṣe ń gun nǹkan ẹ.” Ìwọ! Ẹni tí kò rí mi rí, tí kò mọ ọjọ́ orí mi, tó sì jẹ́ pé owó èmi àti àwọn bíi tèmi ni wọ́n fi ń san owó oṣù rẹ̀. Kí n tó lanu, ó ti gé fóònù. Ẹ ní ẹ máa ń gba ohùn gbogbo ìpè sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ gbọ́ eléyìí.

Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ bí omi ṣe gbóná tó. Fáànù ò yí. Wọ́n wá kọ ọ́ sínú ìwé pé mọ́tò fáànù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí i, ti jó, pé ìlòkulò ló jó o, pé wáráńtì ò kàn án, kí n sanwó mọ́tò tuntun. Mo san án. Mọ́tò tuntun náà ò yí. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá, ẹ sì gba owó làpálàpá lọ́wọ́ mi.

Mi ò kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì. Síbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí inú ń bí mi, mo jókòó ti alùpùpù náà, mo yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì fáànù, ìyẹn ibi tí wáyà rẹ̀ ti so pọ̀, mo sì fa wáyà méjì láti orí bátìrì lọ bá a tààrà. Lójú ẹsẹ̀ ló yí, ó fẹ́ eruku sí mi lójú. Mo wá gbé mọ́tò àtijọ́ jáde nínú ọ̀rá tí wọ́n dì í sí fún mi, èyí tí wọ́n ní ó ti jó, mo ṣe é bákan náà. Òun náà yí, fùùù. Ohun tí kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ṣe é kí wọ́n tó gbowó lọ́wọ́ mi.

Mo yẹ fíúsì wò, ó wà digbí. Mo fi relay mìíràn (ẹ̀rọ kékeré tó ń tan iná sí fáànù tó sì ń pa á) tó jẹ́ irú kan náà rọ́pò tirẹ̀, kò yàtọ̀. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná kọjá 100°C díẹ̀, ìyẹn ibi tó yẹ kí fáànù ti bẹ̀rẹ̀, mo wá fi mítà wọn iná tó wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Láàárín wáyà méjèèjì, òfo. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ẹsẹ̀ mítà kan lọ sórí nẹ́gétíìfù bátìrì, ó lé ní fólítì 12. Iná ń dé ibẹ̀, ọ̀nà tó máa gbà padà ni kò sí. Mo tọ wáyà ìpadà náà lọ dé ibi tí wọ́n ti fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ férémù. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bo orí rẹ̀, ó sì ń mì lábẹ́ nọ́ọ̀tì. Mo fi wáyà kékeré kan ràn án lọ́wọ́ dé bátìrì, fáànù yí. Mo ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò àti fídíò, mo yọ wáyà mi kúrò, mo sì dá a padà bó ṣe wà, torí ìwé wáráńtì yín sọ pé ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ tún wáyà ṣe.

Mo fi àwọn fọ́tò náà ránṣẹ́. Ọ̀gá kan pè mí láti ọ̀dọ̀ yín, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ọkàn mi sì balẹ̀. Ó ní kó tó di ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, ẹ ó pè mí láti wá gbé alùpùpù náà. Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ oúnjẹ, mo gbé e wọ ilé ìwẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè. Ní Mọ́ńdè, ímeèlì yín wọlé pé, “A ti yanjú ẹ̀sùn yín.” Ta ló yanjú rẹ̀? Ọjọ́ wo? Alùpùpù tí ẹ ní ẹ ti tún ṣe wà ní ẹnu ọ̀nà mi, ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn án.

Wáyà lè dípẹtà, mi ò bá yín jà nítorí ìyẹn. Irọ́ yìí ni mi ò lè gbà, àti bí ẹ ṣe ń fi òní dónìí, tí ẹ ń fi ọ̀la dọ́la fún mi.

Mo fẹ́ kí ẹ tún wáyà náà ṣe lábẹ́ wáráńtì láìgba kọ́bọ̀, kí ẹ sì dá gbogbo owó mọ́tò fáànù padà. Omi ti hó lẹ́ẹ̀mẹta níbi tí mo ti ń dúró dè yín, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ yẹ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì (ìdè orí ẹ́ńjìnnì tí ooru àpọ̀jù lè bà jẹ́) wò níṣojú mi, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá ti jó, ọrùn yín ló wà. Kí ẹni tó sọ̀rọ̀ sí mi pè mí, kó tọrọ àforíjì. Mi ò ní kí ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ o, mi ò gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ 7 ni mo fún yín láti ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, màá gbé ẹ̀sùn náà lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń gbèjà ẹ̀tọ́ oníbàárà, bí ìyẹn ò bá sì yanjú rẹ̀, a ó pàdé ní kóòtù. Mọ́tò àtijọ́ náà ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀ lọ́dọ̀ mi, pẹ̀lú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí pé ó ti jó. Iwájú adájọ́ ni màá ti so ó mọ́ bátìrì.

Yàtọ̀ sí ìpè àforíjì yẹn, ẹ má pè mí mọ́. Ẹ kọ èsì yín sínú ìwé.

Èmi ni,
Oníbàárà yín