Sí ọ̀rẹ́ mi tí bíréèkì ọkọ̀ rẹ̀ kọ̀ tí kò le

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé ara gbogbo yín le. Ohun tó jẹ́ kí n tètè dá ọ lóhùn ni ibi tí o ti ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lo ti bulíìdì bíréèkì ọkọ̀ àtijọ́ yẹn, ìyẹn ni pé o tú afẹ́fẹ́ jáde nínú ọ́ìlì rẹ̀, síbẹ̀ tí pẹ́dà ṣì ń rọ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ tìmùtìmù. Nígbà tí mo kà á, ẹ̀rín pa mí. Má bínú, ara mi ni mo ń rín. Irú ìyà yìí ti jẹ mí rí, odindi ọjọ́ méjì ni mo fi wà lábẹ́ ọkọ̀.

Mo tú kálípà iwájú méjèèjì, ìyẹn irin tó ń fi páàdì bíréèkì há àwo ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú kó dúró, láti pààrọ̀ róbà inú wọn. Mo fọ̀ wọ́n, mo kùn wọ́n, mo dè wọ́n padà. Ọmọ mi obìnrin jókòó síwájú, èmi wà nílẹ̀. "Tẹ̀ ẹ́!" "Mo ti tẹ̀ ẹ́!" "Má gbẹ́sẹ̀ o!" Mo tú nípù, ìṣó lílọ́ oníhò kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lára kálípà, ọ́ìlì bíréèkì jáde, ó ń hó, mo dè é padà, "Ó yá, gbẹ́sẹ̀!" Ìgò ọ́ìlì kan tán, a ṣí èkejì. Nígbà tó yá, kò hó mọ́, ó ń jáde ní mímọ́ gaara, ṣùgbọ́n pẹ́dà kò le. Mo ní másítà sílíńdà, tí pẹ́dà fi ń ti ọ́ìlì lọ sí gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀, ló kú. Mo ra tuntun. Pàbó ló já sí.

Ọmọ náà ló rí i. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá wo ohun tí mo ń tú, ó ní, "Bàbá, ṣebí òkè ni afẹ́fẹ́ máa ń lọ? Kí ló dé tí ibi tí ẹ ń tú wà nísàlẹ̀?" Mo wò ó, mo tún un wò. Kálípà ọ̀tún ni mo dè sí òsì, mo sì dè tòsì sọ́tùn-ún! Wọ́n jọra bí ìbejì, àyè wọn sì gbà wọ́n wẹ́kú, àfi pé nípù tó yẹ kó wà lókè ti dorí kodò. Afẹ́fẹ́ gun orí kálípà lọ jókòó, ọ́ìlì nìkan là ń fà jáde lábẹ́ rẹ̀. A pààrọ̀ wọn, a tún un tú lẹ́ẹ̀kan péré, pẹ́dà le bí òkúta. Másítà sílíńdà tí mo yọ yẹn ṣì wà nínú àpótí mi títí dòní, kò sí ohun tó ṣe é.

O ò sọ fún mi bóyá o tú kálípà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́, o ò lè rí nǹkan tó ní nọ́ọ̀tì kí o má tú u. Nítorí náà, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò.

Tí kì í bá ṣe ìyẹn, má tíì ra ọ́ìlì kankan mọ́. Jókòó sínú ọkọ̀, kí o fi ẹsẹ̀ gbọ́ bí pẹ́dà ṣe ń rọ̀, torí rírọ̀ ju oríṣi kan lọ. Tó bá ń ta ẹsẹ̀ rẹ padà bíi róbà, afẹ́fẹ́ ni: ọ́ìlì kì í sún kì, afẹ́fẹ́ sì ń sún kì, agbára tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ páàdì, orí afẹ́fẹ́ ló ń parí sí. Tó bá kọ́kọ́ lọ jìnnà kó tó le, tí o sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta tó gòkè wá, wo àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó ṣeé ṣe kí bíréèkì ṣúù ti jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù, ìyẹn agolo irin tó ń yí, tí ṣúù ń fẹ̀ mọ́ láti dá ọkọ̀ dúró, kó jẹ́ pé wọ́n kàn nílò kí o sún wọn mọ́ ọn. Ọ́ìlì tí àwọn èèyàn ti fi ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Tó bá sì jẹ́ pé o gbé ẹsẹ̀ lé e jẹ́ẹ́, tó ń rọra wọlẹ̀ lọ, tí o ò rí ibi tó ti ń jò níta, a jẹ́ pé róbà inú másítà sílíńdà ló ń jẹ́ kí ọ́ìlì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n kó wọlẹ̀ díẹ̀ nígbà tí o bá ṣáná sí ẹ́ńjìnnì kì í ṣe àìsàn, bọ́ọ̀sítà, tó ń ran ẹsẹ̀ rẹ lọ́wọ́ láti tẹ pẹ́dà, ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ǹ bá ti kọ́kọ́ ṣe kí n tó ra másítà nìyí. Wá irin tí wọ́n fi ń fún họ́ọ̀sì pa, èyí tí ẹnu rẹ̀ dán tí kò ní gé róbà jẹ. Fún gbogbo họ́ọ̀sì róbà tó lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ pa, kí o tẹ pẹ́dà. Tó bá ṣì rọ̀, òkè ni ìṣòro wà, lọ́dọ̀ másítà tàbí àwọn páìpù. Tó bá le, máa tú irin náà kúrò lára họ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o máa tẹ pẹ́dà. Èyí tí o bá tú tí pẹ́dà fi wọlẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn lọ̀daràn wà. Nígbà tí o bá sì ti tú gbogbo irin náà kúrò, fi ọwọ́ di họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan mú kí ẹnì kan tẹ pẹ́dà. Họ́ọ̀sì tó bá ti gbó máa ń wú sí èèyàn lọ́wọ́, kò sì sí bí o ṣe lè bulíìdì rẹ̀ tí pẹ́dà á fi le.

Jọ̀ọ́, fi pákó kékeré sábẹ́ pẹ́dà kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ má baà tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀. Nínú másítà àtijọ́, ìpẹtà máa ń wà níbi tí róbà kì í dé lójoojúmọ́. Tí ẹ bá tì í débẹ̀, ìpẹtà á ha róbà, másítà tí kò ṣe nǹkan kan á wá kú sí yín lọ́wọ́.

Ṣé orí jáàkì ni ẹ̀yìn ọkọ̀ wà, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn so rọ̀ dirodiro? Àwọn ọkọ̀ kan ní fáàfù tó ń wo bí ẹrù ẹ̀yìn ṣe wúwo tó. Tí ẹsẹ̀ bá so rọ̀ báyẹn, á rò pé ọkọ̀ ṣófo, á sì dín ọ́ìlì ẹ̀yìn kù. Ẹsẹ̀ yẹn ni kí o gbé lé orí irin. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ tó ń fà lo fi ń fa ọ́ìlì jáde, má gba gbogbo híhó tó ń hó gbọ́, afẹ́fẹ́ máa ń gba ara ìlọ́ nípù wọlé, á wá dà bíi pé kò ní tán láé. Ẹsẹ̀ èèyàn ni mo fọkàn tán jù. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó jìnnà jù sí másítà la sábà máa ń kọ́kọ́ tú, ṣùgbọ́n ìwé ọkọ̀ rẹ ni kí o gbọ́ tirẹ̀.

Ìgò ọ́ìlì tí o ní o ti ṣí tipẹ́, dà á nù. Ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ọ́ìlì bíréèkì DOT 4 tuntun kò gbọ́dọ̀ hó kó tó tó 230°C, ṣùgbọ́n tó bá ti fa omi, ó lè hó ní 155°C. Má sì da DOT 5 mọ́ ọn. Tí DOT 4 bá ta sára ọ̀dà ọkọ̀, tètè fi omi ṣàn án.

Má wa ọkọ̀ yẹn jáde o, kódà dé ìdí ilé kejì. Fún àwọn họ́ọ̀sì náà pa, kí o kọ̀wé sọ èyí tó jẹ́ kó wọlẹ̀ fún mi. Ọmọ mi ní kí n kí yín, ó ní kí ẹ wo ibi tí nípù kọjú sí kí ẹ tó náwó kankan.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́