Ẹṣin Ọ̀gá

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí wúwo lọ́kàn mi: ọ̀kan nínú wa wọ ìṣòro, ọ̀pọ̀ yín sì fi í sílẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ti mọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀, kó má wádìí. Ìtàn ilẹ̀ Essex ní England tí a ń gbé yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 991, àwọn Viking, jagunjagun orí omi láti àríwá Yúróòpù, gúnlẹ̀ sí erékùṣù kan létí Maldon. Wọ́n ní kí àwọn ará Essex fi wúrà ra àlàáfíà. Byrhtnoth, balógun Essex, arúgbó tó ti hewú, ní ọ̀kọ̀ ni òun máa fi san án. Ewì tí wọ́n fi ròyìn ogun náà ṣì wà, nǹkan bí ìlà 325, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ ti sọnù.

Balógun yìí ṣe àṣìṣe. Ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ló ti erékùṣù náà wọ orí ilẹ̀, ọkùnrin mẹ́ta péré sì dí i pa mọ́ àwọn ọ̀tá. Ni àwọn ọ̀tá bá ní kó jẹ́ káwọn kọjá, ó sì gbà. Akéwì ò bò ó láṣìírí: ó ní ìgbéraga ló mú un ṣe é. Wọ́n pa á.

Ibi tí mi ò tíì lè kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ Mọ́ńdè rèé. Godric wà níbẹ̀, ẹni tí balógun ti fún ní ẹṣin lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ọ̀gá ṣe ṣubú, ẹṣin ọ̀gá gan-an ló fò gùn, òun àti Godwine àti Godwig tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, wọ́n sá wọ igbó. Àwọn tó wà lẹ́yìn rí ẹṣin náà, wọ́n rò pé balógun ló ń lọ. Bí ogun ṣe tú nìyẹn. Ó kúkú ti yé Offa, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun balógun, tẹ́lẹ̀: lọ́jọ́ náà gan-an, níbi ìpàdé, ó ti sọ pé ọ̀pọ̀ tó ń fọ́nnu níbẹ̀ ò ní dúró bó bá dójú ẹ̀.

Ẹ máa sọ pé, “Pásítọ̀, ṣebí ẹni náà jẹ̀bi.” Bẹ́ẹ̀ ni, ó jẹ̀bi níbì kan. Byrhtnoth náà jẹ̀bi! Àwọn tó dúró tì í mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì lọ. Ælfwine ní kí wọ́n rántí ìlérí tí wọ́n ṣe nídìí ọtí oyin. Leofsunu ní àwọn ará Sturmer, ìlú rẹ̀, ò ní rí òun fi ṣẹ̀sín. Ikú yá ju ẹ̀sín lójú tirẹ̀. Dunnere tí kò ju mẹ̀kúnnù lọ gbọn ọ̀kọ̀ rẹ̀. Byrhtwold àgbà ní bí agbára wọn ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni kí àyà wọn máa ki sí i.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni kò jẹ nínú oúnjẹ ẹni tí ẹ fi sílẹ̀ yìí? Ta ni kò dìde nígbà ìkórè láti jẹ́jẹ̀ẹ́? Lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ ń yọ ara yín kúrò lórí WhatsApp níkọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn sì gun ẹṣin tó fún wọn lọ: ipò tó fi yín sí lẹ fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa, tí àwọn ọmọ wa fi rò pé ìjọ ló ń tú. Ojú ń tì mí.

Ṣùgbọ́n mi ò lé ẹnikẹ́ni. Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sínú Tímótì Kejì orí kẹrin pé gbogbo ènìyàn fi òun sílẹ̀ nígbà tí òun ń jẹ́jọ́, ó sì gbàdúrà kí Ọlọ́run má kà á sí wọn lọ́rùn. Nínú orí kan náà ló ti ní kí wọ́n mú Máàkù wá bá òun, Máàkù tó pa dà lẹ́yìn wọn ní Pamfílíà! Ẹ lọ kí ẹni yẹn nílé lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹsẹ̀ bá ń wúwo, ẹ pè mí, a ó jọ lọ ni. Mo nífẹ̀ẹ́ yín gidigidi.

Olùṣọ́-àgùntàn yín.

Ìkéde, àyè ò gbà mí mọ́: ẹ̀kọ́ Bíbélì di aago méje alẹ́ Ọjọ́rú. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, kúlà yín ṣì wà nílé ìdáná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mọ́tò dí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò wa mọ́.