Àkànní, Èló Ló Kù?

Ẹlẹ́yẹlé, Ìbàdàn

Àkànní ọmọ mi,

Ara mi le, àfi orúnkún yìí tí kì í jẹ́ kí n tètè dìde lórí àpótí. Páànù tí ìjì ṣí lẹ́yìnkùlé, àbúrò rẹ ti pe káfíńtà sí i. Ewúrẹ́ bí mẹ́ta, ọ̀kan kú.

Ọmọ ìyá tá a jọ ń tajà ló ní òun rí ọ ní Ìkòròdú lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, o gbé àpò oúnjẹ ẹja lé èjìká, sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ. Mo ní irọ́ ni, ọmọ mi wà ní báńkì. Ọdún 22 lo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀! Àkànní, o jẹ́ kí n máa bá èèyàn jà láàárín ọjà lórí òótọ́. Ìgbà tí mo pe ìyàwó rẹ, ó dákẹ́ títí, kó tó sọ pé láti oṣù kẹfà lo ti fi báńkì sílẹ̀, tí o ń sin ẹja.

Pé o fiṣẹ́ sílẹ̀ kọ́ ló ń dùn mí. Mo mọ̀ pé aago mẹ́rin àárọ̀ lo ń jí kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má baà ká ọ mọ́nà, mo sì rí ojú rẹ nígbà Àjíǹde. Owó tí o ń fi ránṣẹ́ sí mi ló ń bà mí lẹ́rù. Láti oṣù kẹfà, náírà kan ò dín níbẹ̀. Níbo lo ti ń mú un? Ṣé gbogbo gírátúítì yẹn, owó tí báńkì san fún ọ nígbà tí o kúrò, lo ti dà sómi? Èló ló kù?

Ẹja kọ́ ni mò ń bẹ̀rù o. Ẹja ló tọ́ ọ. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń yan àrọ̀, torí náà gbọ́ ohun tí àwa oníbàárà kì í sọ fún ọlọ́sìn. Tá a bá ti mọ̀ pé ẹja rẹ ti tó tà, tí oúnjẹ sì ń tán lọ lọ́wọ́ rẹ, ńṣe la máa fà sẹ́yìn, a ó ní ọjà ò yá. Ẹja tó ti tóbi á ṣì máa jẹun lójoojúmọ́, oúnjẹ ló sì ń gba owó jù. Tó bá di ọjọ́ kẹwàá, ọlọ́sìn á fúnra rẹ̀ pè wá, iye tá a bá dá ló máa gbà. Mo ti ṣe é fún ọmọ ọlọ́mọ. Tètè wá oníbàárà kí ẹja tó tó tà. Má tà láwìn. Máa ṣa àwọn ńlá kúrò láàárín àwọn kéékèèké, torí wọ́n ń jẹ ara wọn. Tí o bá rí i láàárọ̀ tí wọ́n nàró sójú omi, tí wọn ò sọ̀kalẹ̀, pààrọ̀ omi kó o tó bu oúnjẹ.

Ṣé ìwọ náà ń jẹun?

Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa sọ fún mi pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 50, tó fiṣẹ́ sílẹ̀, tí oṣù mẹ́rin kọjá tí kò ríṣẹ́ mìíràn, lè gba ìdá kan nínú mẹ́rin owó pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀. Ọdún 46 ni ọ́. Oṣù mẹ́rin yẹn ti ń pé. Mo bẹ̀ ọ́, má fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò sọ fún ọ rí. Lọ́dún 1991 tí wọ́n dá bàbá rẹ dúró níbi iṣẹ́, ó fẹ́ pín owó rẹ̀ sí méjì, kó fi ìdajì kọ́ yàrá méjì, kó tọ́jú ìyókù. Èmi ni mo ní kó má ṣojo, kó kó gbogbo rẹ̀ ra dánfó. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi dáná fún un, títí tó fi gbà. Kò ju oṣù méje lọ tó rà á, ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì. Ọdún tí o jókòó sílé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń lọ síléèwé, tí ìwọ ń bá mi fẹ́ná lábẹ́ ẹja, o máa ń sọ pé bàbá rẹ ló ná owó ilé ní ìná àpà. Inú yàrá ló wà, ó ń gbọ́. Kò sọ pé èmi ni, títí tó fi kú. Èmi náà ò sọ. Tí o bá ń fi nǹkan pa mọ́ fún mi, ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ.

Má fowó ránṣẹ́ lóṣù yìí. Tí mo bá rí i, màá dá a padà. Ọjọ́bọ̀ lèmi àti àbúrò rẹ máa wọ mọ́tò ní Ìwó Róòdù. Gbé ìwé tí o ń kọ ìnáwó sí sílẹ̀, kí ìyàwó rẹ jókòó tì wá, kó o ka iye tó kù sí mi létí. Lẹ́yìn náà, mú mi lọ wo ẹja rẹ.

Ìyá rẹ