Ìta ni Kí O Dúró

Ẹ̀yin olùfẹ́ nínú Olúwa,

Ẹ ṣí Deutarónómì 24, ẹsẹ 10 àti 11. Bí o bá yá arákùnrin rẹ ní nǹkan, o kò gbọdọ̀ wọ ilé rẹ̀ lọ mú ohun ìdógò. Ìta ni kí o dúró, kí òun fúnra rẹ̀ gbé e jáde wá bá ọ. Lọ́sẹ̀ yìí, àwọn kan nínú wa wọ ilé ìyá arúgbó kan, wọ́n gbé irinṣẹ́ rẹ̀ lọ nítorí gbèsè tí ọmọ rẹ̀ jẹ wọ́n. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹsẹ yìí kò ti jẹ́ kí n sùn. Gbèsè kúkú ni, olówó kò sì purọ́. Kí ló wá dé tí Ọlọ́run fi dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà? Ẹni tó dúró síta, ohun tí wọ́n gbé jáde nìkan ni yóò rí. Ẹni tó bá wọlé á rí ìkòkò, á rí ẹní, á rí iṣu tó kù nílẹ̀, ojúkòkòrò á sì gba ibẹ̀ wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Tambov, nílẹ̀ Rọ́ṣíà. Ìjọba Bolshevik, ìyẹn àwọn Kọ́múníìsì, bu iye ọkà lé abúlé lórí láti bọ́ ìlú ńlá àti ọmọ ogun. Wọ́n wọ ilé àgbẹ̀, wọ́n gbọn àká dé ilẹ̀, wọ́n kó irúgbìn mọ́ ọn. Ní oṣù Kẹjọ 1920 àwọn àgbẹ̀ fárígá. Aleksandr Antonov di aṣáájú wọn. Ní oṣù Kẹta 1921 ìjọba fúnra rẹ̀ pa òfin ọkà náà tì, ó fi ìṣákọ́lẹ̀ tó fúyẹ́ díẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò dáwọ́ ìyà dúró. Àṣẹ 171 jáde ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà: ilé tó bá fi ọlọ̀tẹ̀ pamọ́, kí wọ́n yìnbọn pa òṣìṣẹ́ tó dàgbà jù níbẹ̀ láìgbẹ́jọ́. Wọ́n kó ìyàwó àtọmọ sí àgọ́ ìhámọ́ kí ọkọ tó ń ṣọ̀tẹ̀ lè jáde nínú igbó. Tukhachevsky, ọ̀gá ológun wọn, tún pàṣẹ kí wọ́n da afẹ́fẹ́ olóró sínú igbó náà.

Ẹ wá ka ẹsẹ 16: a kò gbọdọ̀ pa baba nítorí ọmọ.

Ẹ má sọ fún mi pé Rọ́ṣíà jìnnà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣáájú orin, ẹsẹ̀ ta ló kọjá ẹnu ọ̀nà lọ́sẹ̀ yìí? Ọmọ jẹ gbèsè, ìyá ń sunkún! Ẹsẹ 6 ní kí a má gba ọlọ, torí ẹ̀mí ènìyàn ni. Bí irinṣẹ́ tí arúgbó fi ń jẹun bá wà nílé rẹ, gbé e padà kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Má rán ọmọ. Ìwọ gan-an ni kí o lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ òógùn tí ẹ fi kó owó yẹn jọ. N kò ní kẹ́ ẹ gbàgbé rẹ̀. Ẹ wá sílé mi, ká jọ jókòó, ká wá ọ̀nà tí yóò fi padà. Mo fẹ́ràn yín gidigidi.

Ìkéde: Ìpàdé àdúrà di Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹgbẹ́ akọrin, ẹ dá aṣọ padà. Owó epo jẹnẹrétọ̀ kò tíì pé o.